Ìmọ̀ràn fún Òmùwẹ̀ tí Wọ́n Ń Ṣàyẹ̀wò Ọkàn Rẹ̀

Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú,
Ìbàdàn.



Ìwé yìí wà fún àbúrò tí ó jẹ́ òmùwẹ̀, tí ó ń ran kóòṣì lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọdé ní ìlúwẹ̀ẹ́, tí àwọn dókítà sì ti ní kí ó dẹwọ́ nínú ìdánrawò títí àyẹ̀wò ọkàn rẹ̀ yóò fi parí. Ohun tí àwọn àgbà ilé ń fẹ́ kí ó fi sọ́kàn ni pé ẹni tí ó dẹwọ́ kò tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀, àti pé bí ó bá mọ ohun tí ó tọ́ láti ṣe ní àkókò yìí, àwọn ọmọ tí ó ń kọ́ kò ní pàdánù rẹ̀, ara tirẹ̀ náà kò sì ní wà nínú ewu.

Àyẹ̀wò ọkàn kì í sábà parí lẹ́ẹ̀kan, nítorí ohun tí ọ̀kan kò fi hàn ni òmíràn ń tú síta. Nínú èyí tí a ń pè ní ECG, wọ́n máa ń lẹ wáyà mọ́ àyà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kí ẹ̀rọ lè ka bí agbára iná inú ọkàn ṣe ń rìn. Èyí tí a ń pè ní echo sì ń lo ìró tí etí kò lè gbọ́ láti ya àwòrán ọkàn, kí dókítà lè rí i bóyá ẹran rẹ̀ ti nípọn ju bó ti yẹ lọ. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọkàn ẹni tí ó ti ń ṣe ìdánrawò líle fún ọdún púpọ̀ lè tóbi díẹ̀ láìsí àrùn kankan, kí ó sì máa lù ní iye tí kò tó 60 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ara bá sinmi, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àrùn kan wà tí àwòrán wọn fara jọ èyí. Nígbà mìíràn, dókítà ní láti mú kí eléré sinmi fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan kí ó tó mọ ìyàtọ̀, nítorí ọkàn tí ìdánrawò mú tóbi sábà máa ń fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n èyí tí àrùn mú tóbi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìsinmi fúnra rẹ̀ jẹ́ apá kan àyẹ̀wò, ẹni tí ó bá sì ń yọ́ lọ ṣe ìdánrawò ní kọ̀rọ̀ ń ba èsì tí òun fúnra rẹ̀ ń retí jẹ́. Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀.

Ìtàn eré ìdárayá ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìbẹ̀rù lásán. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989, Samuel Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ṣubú lórí pápá ìṣeré ní Sùúrùlérè, l'Ékòó, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àngólà gbá bọ́ọ̀lù, ó sì gbabẹ̀ kú. Láàárín àwọn òmùwẹ̀, Alexander Dale Oen, ọmọ Nọ́wè tí ó gba wúrà àgbáyé ní 2011, kú ní ibùdó ìdánrawò ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹrin ọdún 2012, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 26, àyẹ̀wò òkú rẹ̀ sì fi àrùn tí ó dí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn hàn. Ti agbábọ́ọ̀lù Nwankwo Kanu yàtọ̀, nítorí àyẹ̀wò ti ṣáájú ewu: ní 1996, lẹ́yìn tí ó gba wúrà Òlíńpíìkì, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Inter ní Ítálì ṣàyẹ̀wò fún un, wọ́n rí àbùkù lára ọkàn rẹ̀, ó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní Amẹ́ríkà, ó sinmi, ó sì padà sórí pápá ní 1997. Ní 2008 ni ó jẹ góòlù tí ó fún Portsmouth ní ife FA ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Àyẹ̀wò, iṣẹ́ abẹ àti ìsinmi yẹn ni ó fún un ní gbogbo ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ti òmùwẹ̀ tilẹ̀ gba ìṣọ́ra ju ti agbábọ́ọ̀lù lọ, nítorí ẹni tí ó dákú lórí pápá yóò ṣubú sórí koríko, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dákú nínú omi lè fa omi sínú ẹ̀dọ̀fóró kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Nítorí náà, bí dókítà bá gbà kí àbúrò máa wẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó má ṣe dá wẹ̀, kí ó má ṣe bá ẹnikẹ́ni díje, kí ó má sì ṣe pa èémí mọ́ lábẹ́ omi. Bí àyà bá dùn ún, bí òòyì bá kọ́ ọ, tàbí bí ọkàn rẹ̀ bá ń lù kìkìkì láìnídìí, kí ó jáde, kí ó sì gba ilé ìwòsàn lọ ní ọjọ́ náà gan-an.

Ní ti ìkọ́ni, iṣẹ́ pọ̀ létí omi fún ẹni tí kò wọ inú rẹ̀. Ó lè di aago mú kí ó sì kọ àkókò ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ó lè wo bí wọ́n ṣe ń na ọwọ́, tí wọ́n ń ta ẹsẹ̀, tí wọ́n sì ń yí orí láti mí, àwọn ohun tí ẹni tí ó wà nínú omi pẹ̀lú wọn kì í sábà rí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ gbà láéláé ní àkókò yìí: kò gbọdọ̀ jẹ́ òun nìkan ni aṣọ́mi, ìyẹn ẹni tí yóò bẹ́ sínú omi gba ọmọ tí ó bá ń rì, nítorí bí ara rẹ̀ bá kọ̀ nínú ìyọnu bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí méjì ni yóò wà nínú ewu. Kí ó sọ òtítọ́ ipò rẹ̀ fún kóòṣì àgbà, kí wọ́n lè fi ẹlòmíràn síbẹ̀.

Kí ó má sì fi ohunkóhun pa mọ́ fún dókítà, ìbáà ṣe àgbo tí ó rà ní Ọjà'ba, oògùn ìrora, tàbí ohun mímu tí ń fúnni ní agbára, nítorí díẹ̀ nínú wọn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru tàbí kí ọkàn sáré. Bí dókítà bá sì ní kí ó padà sẹ́nu ìdánrawò, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ó máa fi kún un ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí agbára tí ìsinmi gbà lọ́wọ́ ara, ìdánrawò lè dá a padà. Bí ó bá sì jẹ́ pé èsì náà ní kí ó má díje mọ́, àwọn ọmọ létí omi ṣì nílò ẹni tí yóò kọ́ wọn, ìdílé rẹ̀ náà sì ṣì nílò rẹ̀ láàyè.

Kí Elédùmarè fún un ní ìlera àti sùúrù.

Láti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.