Àga Tí Ẹ Gbé Síbẹ̀ Ń Sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti wo fíìmù tí ẹ fi fóònù yà ní Ọlọ́runṣògo níbí. Ẹ kú iṣẹ́. Ohùn dún ketekete, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí níbi tí ìyá ọkọ ti ń lé ìyàwó kiri àgbàlá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: àgbẹ̀ tí ẹ ní gbèsè ti wọ̀ dé ọrùn yìí, ta ló ni àga aláwọ̀ wúrà tó jókòó lé? Ta ló ra tẹlifíṣàn gbẹ̀ǹgbẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀? Mo mọ̀ pé ẹ yá pálọ̀ olówó lò torí pé ó dùn ún wò. Ẹnu bàbá yẹn ń sọ pé òun ò ní kọ́bọ̀, gbogbo ohun tó yí i ká sì ń pè é ní òpùrọ́. Òǹwòran gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì, ojú rẹ̀ ló sì gbà gbọ́.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo ṣe kí n tó padà sídìí kókó, òun ni mo fi lẹ́nu láti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò kì í ṣàdédé dúró. Á wọ agbádá, á tẹ́ ẹ títí yóò fi bo àga, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, á kọjú sí kámẹ́rà gan-an. Rédíò rẹ̀ á wà lórí tábìlì. Ẹni tó ní aago á ká apá aṣọ sókè kí aago lè yọ. Akọ̀wé á mú ìwé dání, kódà bí ìwé ọ̀hún bá jẹ́ tèmi. (Ìwé kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, gbogbo akọ̀wé agbègbè ló ti dì í mú rí, n kò rí ẹni tó ṣí i.) Àgbà ní í jókòó, ọmọdé á dúró tàbí kó jókòó sórí ẹní. Ẹ gbé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ fún àjèjì lónìí, á tọ́ka sí ẹni tó láṣẹ nínú ilé náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ nǹkan kan sẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn onífọ́tò ìhà Ìlá Ọ̀ràngún ṣe ohun tó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àwọn ọdún 1970. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú láìjẹ́ pé wọ́n ya méjèèjì pọ̀ rí, wọn á ya èyí tó ṣẹ́kù lẹ́ẹ̀mejì, wọn á tẹ méjèèjì sórí pépà kan ṣoṣo, a ó sì rí Táyé àti Kẹ́hìndé tí wọ́n jókòó ti ara wọn. Bí èyí tó lọ bá jẹ́ obìnrin, tí èyí tó kù jẹ́ ọkùnrin, wọn á wọ aṣọ obìnrin fún un nígbà kejì. Àwọn mìíràn á gbé fọ́tò náà sí ààyè ère ìbejì. Aṣọ ni wọ́n pààrọ̀, òkú sì padà wá jókòó nínú ilé. Ẹni tó bá sọ fún yín pé aṣọ òṣèré kì í ṣe nǹkan bàbàrà, ẹ sọ ìtàn yìí fún un.

Ẹ lọ tún wo Saworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti fi adé àti ìlù tí ṣaworo idẹ wà lára rẹ̀ hàn wá, a sì mọ̀ pé májẹ̀mú ló so ọba ìlú Jogbo mọ́ àwọn méjèèjì. Lápité, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, fẹ́ jọba láìmulẹ̀. Àwọn agégẹdú ń kó igbó ìlú lọ, àwọn ìjòyè ń gba owó ẹ̀yìn. Nígbà tí ṣọ́jà wá fi ìbọn gba ìlú, tó sì gbé adé yẹn lé orí ara rẹ̀, ta ló tún kù tó nílò àlàyé? Ojú wa ti mọ adé, etí wa ti mọ ìlù, àyà wa ti ń já kí onílù tó gbọ́wọ́ sókè. Oṣù Karùn-ún ọdún yẹn gan-an ni àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Kò sí òṣèré kan tó ní láti dìde pe Nàìjíríà lórúkọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé nǹkan kì í ṣàdédé ní ìtumọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ ti fi hàn wá nígbà tí kò tíì sí wàhálà. Àdá tí ẹ bá máa fi dẹ́rù bà wá lópin, ẹ jẹ́ ká ti rí i lára ògiri nígbà tí wọ́n ń jẹun.

Ousmane Sembène, ará Sẹ̀nẹ̀gàl, lo ọgbọ́n yìí lọ́nà tó ń ya mí lẹ́nu títí dòní. Fíìmù rẹ̀ tó ń jẹ́ La Noire de..., 1966, kò ní àwọ̀, dúdú àti funfun ni. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Diouana ń ṣiṣẹ́ ilé fún tọkọtaya Faransé kan ní Dakar, ó sì fi ìbòjú onígi kan ta ìyá ilé lọ́rẹ. Níbẹ̀, wọ́n gbé e kọ́ sáàárín àwọn ìbòjú mìíràn. Ìgbà tí wọ́n mú Diouana lọ sí Antibes nílẹ̀ Faransé, ìbòjú yẹn nìkan ló dá wà lára ògiri funfun gbòò. Ẹ ò tíì gbọ́ pé ọmọ náà ń ké pé òun dá wà, ògiri ti sọ ọ́. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ aṣọ: ó wọ aṣọ tó dára, ó wọ bàtà gogoro, ó ń nu ilẹ̀, ìyá ilé ní kó bọ́ bàtà, kó má gbàgbé ẹni tó jẹ́. Ìjà ilé náà ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lópin, ọmọdékùnrin kan ní Dakar fi ìbòjú yẹn bojú, ó ń tẹ̀ lé ọ̀gá òyìnbó lẹ́yìn, òyìnbó ń yára kánkán, ó ń bojú wẹ̀yìn. Igi kan náà ni o.

Ọ̀rọ̀ ìdúró àti ìjókòó, kò yẹ kí n máa kọ́ ọmọ Yorùbá. Bí ọmọ bá ti Èkó dé, tó ń bá bàbá tó wà lórí àpótí sọ̀rọ̀ lóòró láìdọ̀bálẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ń yí lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ti parí ìdajì ìtàn. Ẹ wá ń kọ ọ̀rọ̀ gígùn fún ìyá pé kó máa sọ pé "ọmọ yìí ti yàtọ̀". Ẹ yọ ọ́ kúrò.

Àwọn kan á sọ fún yín pé bí ẹ bá gbé kámẹ́rà sísàlẹ̀ tó ń wòkè, ènìyàn á dà bí alágbára. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní gbogbo ìgbà. Nínú Citizen Kane, 1941, Orson Welles ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ kí kámẹ́rà lè wọlẹ̀ dáadáa, àjà ilé sì ń hàn lókè orí òṣèré. Ìgbà wo ló ṣe èyí? Lẹ́yìn tí Kane fìdí rẹmi nínú ìbò ni. Ọkùnrin gàgàrà nínú ọ́fíìsì tó ti ṣófo, àjà ilé ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ má há òfin sórí. Ẹ bi ara yín pé kí ni ìdúró yẹn ń sọ níbi tí ẹ lò ó sí.

Ti fíìmù ayé àtijọ́, kúkúrú ni màá sọ. Ọba ayé Ṣàngó kò so aago mọ́wọ́, òpó iná kò sì sí lẹ́yìn ààfin rẹ̀. Kúnlé Afọláyan kọ́ odindi ìlú kan sí Igbójàyè ní Òkè Ògùn fún Aníkúlápó, 2022. Ẹ̀yin ò lówó ìyẹn. Ẹ yí fóònù díẹ̀ kí òpó iná lè bọ́ síta, ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ títà ni fíìmù yín tó kàn. Ó dára. Kèlání ti gba ibẹ̀ kọjá nínú Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ní 1993, ẹ wò ó, ẹ má sì ṣe é bó ṣe ṣe é. Ohun tẹ́ ẹ ní níbí, ẹlòmíràn á sanwó kó tó rí i: páànù tó ti dípẹtà, pèpéle tí a ń sá kókó sí, ògiri amọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ "ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà" sí, àti òpó kọnkéré kékeré tí àwọn awọnlẹ̀ rì mọ́ àárín ẹ̀gẹ́. Ẹ gbé bàbá onílẹ̀ sójú fèrèsé, kó kẹ̀yìn sí wa. Katapílà aláwọ̀ ìyeyè kan ni kí a máa rí níta, kó kéré nígbà àkọ́kọ́, kó tóbi sí i nígbà kejì, kó gba fèrèsé tán nígbà kẹta. Ẹ má fi pálọ̀ ẹnikẹ́ni kún un.

Ẹ má tíì pe òṣèré kankan. Ẹ wá lọ́jọ́ Àìkú, kí a jọ wo ibi tí oòrùn ń gbà wọ ilé tí ẹ máa lò fún bàbá onílẹ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí ẹ tó náwó sórí iná tí ẹ ní ẹ fẹ́ rà yẹn.