Andrew Common: Iṣẹ́ Ọ̀sán, Àwòrán Òru

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìmọ̀ ìràwọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni ọkàn wa máa ń lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹlẹ́rọ ìmọ́tótó, ọ̀rọ̀ páìpù omi àti ìdọ̀tí ilé, ni Andrew Ainslie Common fi ń jẹun ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìfẹ́ lásán ló fi ń ya àwòrán ìràwọ̀ lóru, nínú ọgbà ilé rẹ̀ ní Ealing.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1883, ó ya ìkùukùu ìmọ́lẹ̀ tí ó wà láàrin ìràwọ̀ Orion. Dígí inú awò ọ̀nà jíjìn rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 36. Ìṣẹ́jú 37 ni ó sì fi ya àwòrán náà. Kí ló dé tí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ojú wa kì í to ìmọ́lẹ̀ jọ. Gíláàsì tí a fi oògùn fọ́tò pa a máa gbà á díẹ̀díẹ̀, bí ìkòkò tí a gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí àwòrán náà fi gbé ìràwọ̀ tí ojú kò lè rí jáde.

Ayé ń yí, nítorí náà awò gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé ìràwọ̀ láìgbọ̀n. Ibí yìí ni kí ẹ fiyè sí. Common mú kí òpó tí awò wúwo yìí fi ń yí léfòó nínú mákúrì, kí ó lè máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọgbọ́n ẹlẹ́rọ nìyẹn! Iṣẹ́ tí ó ń jẹ àkókò rẹ̀ náà ló kọ́ ọ lọ́wọ́. Lójú tèmi, àwọn tí ó ní kí ènìyàn fi ọ̀kan sílẹ̀ di ọ̀kan mú kò rò ó dé ibẹ̀.

Ní 1884, Royal Astronomical Society fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà. Ó ta awò náà ní 1885, ó sì kọjú sí èyí tí dígí rẹ̀ tó ínṣì 60. Ọdún 1890 ni ó tó fi iṣẹ́ páìpù sílẹ̀.