Ẹ̀yin Ọmọ Mi Tó Wà Lókè Òkun, Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi kò dùn sí yín lónìí, mi ò sì ní bò ó. Ìyere níbí ni mo wà tí mo ti ń gbọ́ ohùn yín lórí WhatsApp. Ọ̀kan nínú yín á gbé fóònù, á sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú: bí wọ́n ṣe dá a dúró ní pápákọ̀ òfuurufú, bí ó ṣe ń sùn ní yàrá kan náà pẹ̀lú àwọn tí kò mọ̀ rí, bí ìyá arúgbó tó ń tọ́jú lóru ṣe máa ń fi orúkọ ọmọ tirẹ̀ tó ti kú pè é. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ayé gbọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí àwọn ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó fi ìlú wọn sílẹ̀ bá kéde pé àwọn ń wá àròkọ lọ́wọ́ ẹni tó rin ìrìn náà, ohun tí ẹ máa ń sọ ni pé, "Màmá, kò sáyè." Ta ni ẹ fẹ́ kó bá yín kọ ọ́?

Ìyá kan gbé àdúgbò wa rí, ọmọ Ọ̀fà ni, ọkọ ló gbé e wá sí agbègbè Ọ̀wọ̀. Kumasi ní Gánà ló ti ń ta aṣọ títí ìjọba Busia níbẹ̀ fi pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, 1969, pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá yìí mọ ẹni tó ra ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú lọ́sẹ̀ náà. Ó mọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó tí wọ́n fara pamọ́ títí ọkọ̀ fi gbéra. Bó bá ń sọ ọ́, a ó máa mi orí, a ó máa kí i kú ewu. Kò sẹ́ni tó mú bírò nínú wa, ó sì ti sùn báyìí. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé ìwé kan wà lórí àwọn oníṣòwò Yorùbá tó gbé àríwá Gánà, Strangers and Traders, tó jáde ní 1993. Òyìnbó ló kọ ọ́, J. S. Eades. Ó ṣeun, Ọlọ́run á san án fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí àlejò bá bèèrè la máa ń dá a lóhùn, ta ni ì bá sì bèèrè ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́ ìyá yẹn?

Ọ̀rọ̀ yín kò yàtọ̀ sí i. Oṣù Kejì 2022 ni ìjọba Bìrìtìkó ṣí físà sílẹ̀ fún àwọn tó ń tọ́jú arúgbó. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, 2024, wọ́n ní ẹni tó bá ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù Keje, 2025, wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tuntun tó bá ń ti òkè òkun bọ̀. Gbogbo èyí wà nínú ìwé ìjọba, iye yín náà wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ lójúlé kejì sí mi, tó máa ń béèrè bóyá Kérésìmesì yìí ni wọ́n máa wá mú òun, kò sí níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ nìkan ló lè kọ ọ́.

Ẹ má sì sọ fún mi pé àwọn ọ̀mọ̀wé ni iṣẹ́ yìí wà fún. Àjàyí Crowther kò tíì di bíṣọ́ọ̀bù, kò tíì di àlùfáà pàápàá, nígbà tó jókòó ní Fourah Bay ní Sàró (Sierra Leone) ní 1837 tó kọ lẹ́tà nípa bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú, tí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó sọ bí ogun ṣe wọ Òṣoògùn, ìlú rẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kan ní 1821, tí àwọn obìnrin ṣì ń se oúnjẹ òwúrọ̀ lọ́wọ́. Ó sọ bí àwọn ìyá ṣe ń sá wọ igbó, ọmọ lẹ́yìn, ọmọ lọ́wọ́, ẹrù lórí, àti bí wọ́n ṣe fi òun fúnra rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Oúnjẹ àárọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n gbàgbé lẹ́tà náà. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kọ tiyín, ẹ má kọ pé ìlú òyìnbó le, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ sọ bọ́ọ̀sì tí ẹ wọ̀ lóru fún wa, ẹ sọ ohun tí ẹ jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ọmọ àwọn tó ti àjò bọ̀ ni Samuel Johnson náà: Hastings ní Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1846, kí àwọn òbí rẹ̀ tó kó wá sí Ìbàdàn. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ìtàn Yorùbá jọ, ó parí rẹ̀ ní 1897, wọ́n fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan ní ìlú òyìnbó, ó sì sọnù sọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901 láìfojú rí ìwé náà. Dókítà Obadiah, àbúrò rẹ̀, ló ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tó kù nílé jọ, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ó fi ránṣẹ́, ọkọ̀ ojú omi Appam ló gbé e, ogun àgbáyé sì ń lọ lọ́wọ́. Àwọn Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun ní oṣù Kínní 1916, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé yẹn tó jáde, Obadiah náà ti kú ní 1920. Bí kì í bá ṣe àkọsílẹ̀ tó kù nílé, kí là bá rí kà? Ẹ̀yin sì ń sọ fún mi pé fóònù bọ́ sómi, àròkọ bá a lọ. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà, ẹ̀yin ọmọ yìí! Ẹ fi ọ̀kan sínú í-meèlì yín, kí ẹ fi òmíràn ránṣẹ́ sílé.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ ka ohun tí àwọn ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn ti ń tẹ̀ jáde kí ẹ tó fi tiyín ránṣẹ́. Èyí tó ń jẹ́ Forced Migration Review, ti Yunifásítì Oxford, ọ̀fẹ́ ni láti kà, ó sì máa ń kéde kókó tó fẹ́ àti ọjọ́ tí àyè máa dí. Bí wọ́n bá ń bèèrè ọ̀rọ̀ àwọn tí omíyalé lé kúrò nílé, tí o fi ìtàn físà akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́, wọn yóò dá a padà, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ. Bí olóòtú bá gé ìpínrọ̀ kan, gbà á. Gbólóhùn kan ní í ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bí ó bá yí òótọ́ padà, rọra sọ fún un, kí o má sì yẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí o sanwó kí òun tó ka àròkọ rẹ, sá fún un. Irú àwọn tó ta ìwé onígbọ̀wọ́ físà fún yín ni.

Ẹ tún fetí sí èyí dáadáa. Ẹni tí kò tíì rí páálí ìgbélùú gbà, má dárúkọ rẹ̀, má dárúkọ àdúgbò rẹ̀ tàbí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá ti fọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó lè ṣà á jọ padà. Àwọn ọ̀ọ́fíìsì tó ń dá ènìyàn padà sílé náà mọ̀wé kà.

Bí o bá kọ ọ́ tán, pe ìyá rẹ, kà á sí i létí kí o tó fi ránṣẹ́. Òun ló mọ oko kòkó tí wọ́n fi yáwó kí o tó rí tíkẹ́ẹ̀tì rà, òun ló mọ ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ sọ lọ́jọ́ náà. Yóò bá ọ tún ibi tó wọ́ ṣe. Bí ó bá sì ní kí o yọ ọ̀rọ̀ oko kúrò nítorí pé ọ̀ràn náà ò tíì tán nílé, yọ ọ́, kí o fi ìyókù ránṣẹ́.