Ẹ Má Dáírẹ́ẹ̀tì Ẹ̀rọ Ìgékoríko Yín

Koríko Amẹ́ríkà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tí òjò ìgbà ìrúwé bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Texas tàbí ní Georgia, ọgbà tẹ́ ẹ gé lọ́sẹ̀ tó kọjá á ti tún hù bo ọrùn ẹsẹ̀. Ládùúgbò mìíràn, ẹgbẹ́ àwọn onílé á ti kọ lẹ́tà pé ẹ máa san owó ìtanràn. Ọjọ́ tẹ́ ẹ wá gbé ẹ̀rọ ìgékoríko tí à ń gùn jáde, tẹ́ ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kò fọhùn. Ibẹ̀ gan-an ni ewu ti ń wọlé, torí pé ọ̀pọ̀ wa kì í yẹ bátìrì wò ká tó wá sukudiráfà.

Mo mọ ibi tí ìwà yìí ti wá. Nílé ní Nàìjíríà, ọ̀gá mẹkáníìkì tí à ń kan sáárá sí ni ẹni tó lè dáírẹ́ẹ̀tì nǹkan. Fáànù ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́, ó dáírẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Tẹ́mósítáàtì ń dà wá láàmú, ó yọ ọ́ sọ nù. Ibi tí à ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ bàjẹ́, ó fa wáyà méjì síta, ó ní ká máa fi wọ́n kan ara wọn. Ọkọ̀ á sì rìn. Àmọ́ Corolla kò ní abẹ tó ń yí lábẹ́ ikùn rẹ̀.

Iná tó ń ti ibi kọ́kọ́rọ́ bọ̀ nínú ẹ̀rọ yìí kì í lọ tààrà sí sítátà. Ó ní láti gba inú súìṣì bíréèkì kọjá, kó gba inú súìṣì abẹ, kó tó dé solenoid tó ń ṣí ọ̀nà fún agbára bátìrì. Bí ẹ kò bá tẹ bíréèkì dé ìdí, tàbí tẹ́ ẹ gbàgbé tí ẹ kò pa abẹ, ẹ̀rọ kò ní dá yín lóhùn. Kò bàjẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Súìṣì mìíràn wà lábẹ́ àga. Tirẹ̀ ni láti pa ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó jókòó bá dìde nígbà tí abẹ ṣì ń yí. Etí abẹ ọ̀hún sì lè sáré tó nǹkan bíi máìlì 200 ní wákàtí kan.

Ẹni tó wá lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, tó fi sukudiráfà so irin méjèèjì orí solenoid pọ̀, ti fo súìṣì bíréèkì àti ti abẹ kọjá. Agbára bátìrì kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Bí súìṣì àga bá ṣì pé, ó lè má jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbiná, kí Ọlọ́run sì fi ìyẹn yọ onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnìkan ti so wáyà abẹ́ àga pọ̀ lọ́dún tó kọjá ńkọ́, nítorí pé ẹ̀rọ ń kú ní gbogbo ìgbà tó bá gba orí ilẹ̀ gbágungbàgun? Ẹ̀rọ á gbà pé èèyàn wà lórí òun. Kọ́kọ́rọ́ wà ní ṣíṣí, jíà wà nínú ìrìn, ẹnikẹ́ni kò sí lórí àga, onílé wà nídìí táyà. Ẹ́ńjìnnì gbà lójijì. Ẹ̀rọ tó lè wúwo ju kílò 180 á gùn ún mọ́lẹ̀, abẹ á sì wà lára ohun tó gbé wá. Báyìí ni ẹsẹ̀ ṣe ń gé. Owó ìtanràn tí ẹgbẹ́ onílé fẹ́ gbà kò tó owó ìtọ́jú nílé ìwòsàn. Ẹ san án.

Ẹ̀yin bàbá àgbà tẹ́ ẹ wá kí ọmọ láti Ìbàdàn, tẹ́ ẹ ń gbé ọmọ-ọmọ lé itan gun ẹ̀rọ yìí nítorí fọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Ìmọ̀ràn ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ wà á, àti pé a kò gbọdọ̀ gbé ọmọ kankan gùn ún rárá. Bí ẹ bá sì ń tú u wò, kí ọmọdé wà nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ epo tún wà. Àwọn kan máa ń da pẹtiróòlù sẹ́nu kábúrétọ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbà. Tó bá ta iná padà, ojú ẹni tó ń wò ó ló máa bá. Inú gáréèjì gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé ń gbé ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì mú omi gbóná sí, iná kékeré sì lè máa jó nísàlẹ̀ rẹ̀ tọ̀sántòru. Ooru pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló máa ń wọ́ gbà títí á fi dé ibi tí iná wà. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì wá gbà, ẹ má ṣe jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì, ìbáà jẹ́ pé ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Àwa tí a ti gbọ́ nípa ìdílé tí èéfín jẹnẹrétọ̀ pa mọ́jú kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń sọ ìyẹn fún lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò le. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ tẹ bíréèkì dé ìdí, ẹ rí i pé abẹ wà ní pípa, kẹ́ ẹ tún kọ́kọ́rọ́ yí. Bó bá ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ láìyí, bátìrì ló máa ń sábà jẹ́: bátìrì tó kún dáadáa máa ń fi nǹkan bíi fóltì 12.6 hàn, ìpẹtà orí rẹ̀ sì lè dí iná lọ́nà. Bó bá dákẹ́ pátápátá, ẹ wo fíúùsì, kẹ́ ẹ wá wo àwọn súìṣì yẹn, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi mítà wọ̀n wọ́n. Bó bá ń yí tí kò gbiná, ẹ ronú kan epo tó ti wà nínú táńkì láti ìgbà òtútù. Kẹ́ ẹ tó ki ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ, ẹ fa wáyà kúrò lórí púlọ́ọ̀gì. Bó bá jẹ́ méjì, ẹ fa méjèèjì. Yíyọ bátìrì nìkan kò tó, torí oòfà tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí ló ń pèsè iná púlọ́ọ̀gì. Ẹ má sì fi jáàkì nìkan gbé e dúró kí ẹ wá sùn sábẹ́ rẹ̀.

Àlòkù ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ẹni tó tà á kì í sábà sọ ohun tó ṣe sí i. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí gbogbo èèyàn jìnnà. Ẹ jókòó, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tan abẹ, kẹ́ ẹ wá gbé ìdí kúrò lórí àga díẹ̀, ẹsẹ̀ yín kò gbọdọ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú. Bí kò bá kú, ẹnìkan ti dáírẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣáájú yín: ẹ pa á, ẹ má rà á. Bó bá sì jẹ́ tiyín tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀ ni, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹ fa wáyà púlọ́ọ̀gì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gùn ún títí wọn ó fi fi súìṣì tuntun sí i.