Bí A Ṣe Ń Ya Lékèélékèé Tí Ìyẹ́ Rẹ̀ Ò Fi Ní Pòórá Nínú Fọ́tò

Tẹ́nì kan bá ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ẹyẹ, lékèélékèé ni mo máa ń ní kó fi bẹ̀rẹ̀. Kò ṣọ̀wọ́n, kò sì ṣòro láti rí. Ibi tí màlúù bá ti ń jẹko lẹ ó ti bá a, torí bí màlúù ṣe ń rìn ni tata ń fò jáde nínú koríko, òun náà á sì máa ṣà wọ́n jẹ. Wàhálà kan ṣoṣo tó ní ni pé ó funfun. Tẹ́ ẹ bá ti lè ya funfun yẹn dáadáa, àwọn ẹyẹ yòókù ò ní fi bẹ́ẹ̀ ni yín lára.

Kí ló ń gbé ìyẹ́ rẹ̀ lọ?

Tó bá dọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kì í fìyàtọ̀ sáàárín ẹyẹ àti koríko. Ìmọ́lẹ̀ ló ń wọ̀n, ó sì máa ń fẹ́ kí gbogbo àwòrán, téèyàn bá pò ó pọ̀, rí bí àwọ̀ eérú. Tí lékèélékèé kékeré kan bá dúró láàárín koríko tó ṣókùnkùn, kámẹ́rà á fi ìmọ́lẹ̀ kún un nítorí koríko. Koríko á hàn, ẹyẹ á wá di funfun lásán.

Nínú JPEG, nọ́ńbà mẹ́ta ló ń ṣojú fún àwọ̀ ibi kọ̀ọ̀kan: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 255. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti di 255, ó parí nìyẹn. Kò sí ìyẹ́ tí app kankan lè fà yọ níbẹ̀ mọ́.

Kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì

1. Ẹ jáde láàárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ kẹ̀yìn sí oòrùn.
2. Ẹ dín exposure kù sí -1. Lórí fóònù, ẹ fi ìka kan ẹyẹ náà, kẹ́ ẹ fa àmì oòrùn wálẹ̀. Àmọ́ tí ẹyẹ bá kún gbogbo àwòrán, òdì kejì ni: kámẹ́rà á sọ ọ́ di eérú, ẹ̀yin ló máa fi kún un.
3. Tó bá dúró, shutter speed 1/500 tó. Tó bá ń fò, ẹ gbé e dé 1/2000.
4. Tí kámẹ́rà yín bá ní RAW, ẹ lò ó. RAW 14-bit ní ìpele ìmọ́lẹ̀ 16,384. JPEG ní 256 péré.
5. Ẹ má sún mọ́ ìtẹ́. Tí ìyá bá sá, oòrùn lè pa ẹyin tàbí ọmọ.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá délé

Snapseed tàbí Lightroom ti tó. Ẹ kọ́kọ́ gé etí àwòrán tí kò wúlò. Ẹ fa Highlights wálẹ̀ kí ìyẹ́ lè hàn, kẹ́ ẹ gbé Shadows sókè díẹ̀ fún koríko. Sharpening ló kẹ́yìn, ìwọ̀nba sì ni: tó bá pọ̀ jù, ìlà funfun kan á yọ yí ẹyẹ ká.

Àwọ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà gan-an. Nígbà tí lékèélékèé bá fẹ́ yé ẹyin, orí, àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń pọ́n rúsúrúsú. Tẹ́ ẹ bá wá fi Warmth àti Saturation kún fọ́tò kó lè dùn ún wò, ẹ ti sọ ẹyẹ tí kò ní í yé di èyí tó fẹ́ yé. Tẹ́ ẹ bá gbé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sórí eBird, níbi tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń kó ìròyìn ẹyẹ jọ, ẹ̀rí èké lẹ jẹ́ yẹn.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń ya bébà funfun kan nínú oòrùn kan náà, màá sì fi ṣe òṣùwọ̀n white balance nígbà àtúnṣe. Mo sì máa ń tọ́jú fọ́tò àkọ́kọ́ láìfọwọ́ kàn án.

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín rèé: ẹ ya lékèélékèé kan ní 0, ní -1 àti ní -2, kẹ́ ẹ wo èyí tẹ́ ẹ ti lè rí ìlà ìyẹ́ àyà rẹ̀. Iye tó bá yẹ kámẹ́rà tiyín nìyẹn.