Pátákó Ìkéde Orí Kọ̀ǹpútà: Ta Ló Ń Ka Ohun Tí Ẹ Kọ?

Kí WhatsApp àti Facebook tó dé, àwọn kan ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí wọ́n ń lò ni wọ́n ń pè ní BBS. Ẹ rántí pátákó tí wọ́n máa ń lẹ ìwé mọ́ nílé ẹ̀kọ́: ẹni tó ń kọjá á kà á, ẹni tó lọ́rọ̀ á lẹ tiẹ̀ náà mọ́ ọn. Bí BBS ṣe rí nìyẹn.

Ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́. Ní January 1978, òjò dídì sé àwọn èèyàn mọ́lé. Ward Christensen àti Randy Suess bá jókòó ti iṣẹ́, wọ́n sì ṣí CBBS fún gbogbo èèyàn ní February 16. Ẹ máa fi modem pe nọ́ńbà tẹlifóònù rẹ̀, ẹ máa kà, ẹ máa kọ, ẹ máa gé e. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá pè lásìkò yẹn á bá a pé láìnì ti dí. Sùúrù wọn ga o!

Báwo ni ẹni tó ni BBS ṣe ń mọ̀ pé èèyàn ò parọ́ fóun? Àwọn kan dọ́gbọ́n sí i: kọ̀ǹpútà á gé ìpè yín, á wá pe nọ́ńbà tí ẹ kọ sílẹ̀ padà. Tí nọ́ńbà yẹn kì í bá ṣe tiyín, ilé onílé ni fóònù á ti dún. Ìbátan rẹ̀ ni kóòdù tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sí fóònù yín lónìí.

Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣọ́ ẹni tó ni ẹ̀rọ? Gbogbo ohun tí ẹ bá kọ, títí kan ọ̀rọ̀ àṣírí sí ẹnì kan, inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló wà. Ní March 1, 1990, àwọn Secret Service Amẹ́ríkà wọ iléeṣẹ́ Steve Jackson Games ní Austin, ìpínlẹ̀ Texas, wọ́n kó kọ̀ǹpútà tó gbé BBS wọn lọ. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù ni o, wọn ò sì fẹ̀sùn kankan kàn án rí. Lẹ́tà àdáni 162 ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn tí àwọn tó ni ín ò tíì kà. Ní 1993, adájọ́ dá ilé iṣẹ́ náà láre, ó ní kí ìjọba san owó tó ju $50,000 lọ fún un.

Lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ BBS tó kù wà, telnet ni wọ́n sì fi ń wọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Telnet kì í bo nǹkan kan. Páásíwọ́ọ̀dù yín ń lọ ní gbangba, bí ìgbà tí ẹ fún awakọ̀ ní lẹ́tà tí ẹ ò fi sínú àpòòwé. Ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà lè kà á. Lẹ́yìn tí wọ́n jí páásíwọ́ọ̀dù báyìí ní yunifásítì Tatu Ylönen ní Finland ló ṣe SSH ní 1995. SSH ni àpòòwé yẹn. Tí BBS kan bá ní ilẹ̀kùn SSH, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà. Tí kò bá ní, ẹ lo páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ ò lò níbòmíì rárá. Ojú ọ̀nà nìkan ni SSH ń bò ṣá, kò bo inú ilé tí lẹ́tà ń lọ.

Ṣé BBS máa kú ni? Ẹ wo PTT ní Taiwan, tí akẹ́kọ̀ọ́ National Taiwan University kan dá sílẹ̀ ní 1995. Ọ̀rọ̀ lásán lórí ojú dúdú ni, kò sí ìpolówó, àmọ́ èèyàn ṣì ń lọ síbẹ̀. Ní December 31, 2019, ẹnì kan gbé ìkìlọ̀ Dókítà Li Wenliang nípa àìsàn Wuhan síbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera kan rí i lóru, ọjọ́ yẹn náà ni Taiwan sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn tó ń bọ̀ láti Wuhan wò.

Torí pé àwọn èèyàn gba ibẹ̀ gbọ́, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ra àkáǹtì tó ti pẹ́, kí wọ́n lè máa fi orúkọ ẹni ẹlẹ́ni yí ọkàn ará ìlú padà. Àwọn alábòójútó PTT ní láti dá ìforúkọsílẹ̀ tuntun dúró fúngbà kan. SSH ò rí ti irú èyí ṣe, torí páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fi wọlé kì í ṣe èyí tí wọ́n jí. Ẹni tó ni ín ló tà á.