Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ INÁ ÀJỌLÒ: PÍPÍN IN ÀTI ÌTỌ́JÚ DÍDÁRA RẸ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ará mọ́sálásí, iná mànàmáná tí àwùjọ kékeré ń pèsè fúnra wọn ni a fẹ́ ṣàlàyé.

Ìtumọ̀ rẹ̀: Iná àjọlò ni èyí tí orísun rẹ̀ àti àwọn tó ń lò ó wà ní àdúgbò kan náà, tí ó sì lè dá dúró láìsí wáyà ìjọba. Irú rẹ̀ wà ní abúlé Gbámú-Gbámú, ìpínlẹ̀ Ògùn, láti ọdún 2018. Agbára pánẹ́ẹ̀lì oòrùn rẹ̀ jẹ́ 85 kìlówáàtì.

Ọ̀nà méjì ni ìtọ́jú rẹ̀ pín sí.

Èkíní ni pípín agbára. Nígbàkúgbà, iye iná tó ń wọlé gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú iye tó ń jáde. Lọ́sàn-án, ohun tó bá ṣẹ́kù lára ti oòrùn a wọ inú bátìrì. Lálẹ́, bátìrì a dá a padà. Bí bátìrì bá lọ sílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ a gbà á. Bí bátìrì bá kún tí oòrùn sì ń ràn ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìnfátà bátìrì a gbé hertz sókè díẹ̀. Bí ìnfátà ti oòrùn bá ti rí èyí, a dín tirẹ̀ kù. Wọn kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ara wọn yé.

Èkejì ni dídára iná. Ní Nàìjíríà, fóòtì 230 àti hertz 50 ni òṣùwọ̀n. Bí ẹrù bá ju agbára jẹnẹrétọ̀ lọ, ẹ́ńjìnnì a falẹ̀, hertz a sì wálẹ̀. Bí wáyà bá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó sì gùn, fóòtì a dín kù kí ó tó dé ilé ìkẹyìn. Mọ́tò fíríìjì tí fóòtì kò tó a máa gbóná, ó sì lè jóná. Ìdí nìyí tí a fi ń pín àwọn ilé lọ́gbọọgba sórí wáyà mẹ́ta, kí ẹrù má baà wọ ọ̀kan lọ́rùn.

Àpẹẹrẹ: Ìnfátà ilé-ìwé kan lè gbé 3,000 wáàtì. Gílóòbù 40 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 10 jẹ́ 400. Fáànù 10 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 70 jẹ́ 700. Àpapọ̀ jẹ́ 1,100. Bí a bá ki áyọ́ọ̀nù méjì bọ̀ ọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1,000, ó di 3,100. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìnfátà a pa ara rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa gan-an nìyẹn ní alẹ́ ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ ń múra ìdánwò. Òkùnkùn bo kíláàsì. A kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn kan àwọn ọmọ, àṣé àwa olùkọ́ ló ń lọ jàlàbíà. Láti ọjọ́ náà, ọ̀sán tí oòrùn bá mú ni a ń lọṣọ. Ẹni tó bá lo àlòjù nínú iná àjọlò, ìmọ́lẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀ ló ń pa.

Ìbéèrè:
1. Níbo ni iná tó ṣẹ́kù lọ́sàn-án ń lọ?
2. Kí ló dé tí fíríìjì ilé ìkẹyìn fi lè jóná?
3. Bí áyọ́ọ̀nù bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú àpẹẹrẹ wa, wáàtì mélòó ló kù?